Ẹni Tó Rán Ni Níṣẹ́ àti Ẹni Tó Jẹ́ Ẹ

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, sójà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ja ogun. Mi ò ní sọ ogun tó jẹ́, mi ò sì ní dárúkọ wọn, torí ọ̀rọ̀ àṣírí ni wọ́n bá mi sọ, wọ́n kàn ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ tí mo bá rí i pé ó máa wúlò fún ẹnì kan. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tá a ti mọra kí ọ̀rọ̀ yìí tó wáyé. Èmi kọ́ ni mo bi wọ́n o. A kàn jókòó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ilẹ̀ ti ń ṣú, kò sẹ́ni tó dìde lọ tan iná nínú àwa méjèèjì, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n ní àwọn yìnbọn pa ọkùnrin kan láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n ti ń yìnbọn tipẹ́, àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa sún mọ́ ẹni tí wọ́n pa. Ọ́dà tí wọ́n fún wọn ni pé kí wọ́n máa yẹ àpò àwọn òkú wò, bóyá wọ́n á rí ìwé, bóyá wọ́n á rí máàpù. Wọ́n wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bá níbẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n so òwú pupa mọ́, irú òwú téèyàn máa ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ kó má bàa sọnù. Ara ọkùnrin náà ti mú kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bó ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

"Àbúrò," wọ́n ní, "ọkùnrin yẹn ti ilẹ̀kùn ẹ̀ kó tó jáde nílé. Ó ní in lọ́kàn pé òun ń padà bọ̀."

Wọ́n ní àwọn kì í lálàá ọkùnrin náà. Ilẹ̀kùn yẹn làwọn máa ń rí lójú àlá, ilẹ̀kùn tí àwọn ò rí rí láyé àwọn, ó wà ní títì, ẹnì kan sì ń kàn án látinú.

Mo ti máa ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ pé àwọn tó ti ogun dé kì í sùn dáadáa, mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, pé ìró ìbọn ló ṣì ń dún létí wọn. Ìyẹn náà wà, àìsàn gidi ni, àwọn dókítà sì mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ̀rù ò ba ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ìbànújẹ́ ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ òun gan-an ló ṣe é ló ń dà wọ́n láàmú, tẹ́ ẹ bá sì sọ fún wọn pé "ogun ni, tí ẹ ò bá pa á òun ì bá pa yín," wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ lẹ sọ, wọ́n á sì dákẹ́. Òótọ́ yẹn ò ṣí ilẹ̀kùn náà.

Dókítà kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Jonathan Shay, àwọn sójà tó ja ogun Vietnam ló fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú ní Boston, ọ̀rọ̀ tí òun àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń lò fún nǹkan yìí ni moral injury. Ọgbẹ́ ẹ̀rí ọkàn lèmi ń pè é. Ohun tó wọ̀ mí lára nínú àlàyé Shay ni pé kò bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ sójà rárá. Ó ní ọgbẹ́ yìí máa ń wáyé tí ẹni tó láṣẹ lórí èèyàn bá ṣe ohun tó lòdì sí ohun tó tọ́, níbi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ikú àti ìyè. Ẹ tún un kà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2009 ni Brett Litz, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fẹ ọ̀rọ̀ náà sí i, wọ́n ní ohun tí sójà fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe náà wà níbẹ̀, àti ohun tó rí tí kò lè dá dúró, ó sì dáa bí wọ́n ṣe fi kún un, torí ó bá ti ẹ̀gbọ́n mi mu. Àmọ́ ó jọ pé àtìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, sójà àti oorun ẹ̀ àti oògùn ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ, ẹni tó rán an níṣẹ́ ti yọ́ jáde nínú yàrá. Òun ni mo fẹ́ ká pè padà wọlé.

Òwe méjì làwọn àgbà wa pa lórí iṣẹ́ rírán, wọn ò sì fẹnu kò. Ọ̀kan ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tá a máa jẹ́ ẹ fún. Èkejì ní tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kọ́ sójà láàárọ̀ lọ́sàn-án lálẹ́, níbikíbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ sójà láyé yìí, ó sì nídìí, torí tó bá jẹ́ pé àárín ogun ni kálukú ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jókòó rò ó wò bóyá kí òun lọ tàbí kí òun má lọ, gbogbo wọn ló máa kú. Òwe kejì ni wọ́n máa wá fi dá a lẹ́jọ́ tí ogun bá parí. Ní kóòtù tó jókòó ní Nuremberg ní Jámánì, láàárín 1945 sí 1946, "wọ́n ní kí n ṣe é ni" ò gba àwọn ọ̀gá Násì tó ṣàkóso Jámánì nígbà ogun sílẹ̀, nígbà tó sì di 1950, ìgbìmọ̀ òfin ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ pé àṣẹ tí ọ̀gá pa ò yọ èèyàn nínú ẹ̀bi, tó bá jẹ́ pé ààyè wà fún un lóòótọ́ láti yan ohun tó tọ́. Mo fara mọ́ òfin yẹn. Àmọ́ ẹ ò rí i pé ọmọ ogún ọdún tí wọ́n ti fi oṣù mélòó kan kọ́ pé kó má ronú la wá ń sọ fún pé ó yẹ kó ti ronú?

Ẹni tó fi tọmọ jẹ́ ẹ wà ṣá o. Ọjọ́ 16 oṣù kẹta 1968, àwọn sójà Amẹ́ríkà wọ abúlé kan tí wọ́n ń pè ní My Lai ní Vietnam, wọ́n ń pa àwọn obìnrin, ọmọdé àti arúgbó tí kò gbé ìbọn, wọ́n tò wọ́n sínú kòtò, wọ́n yìnbọn fún wọn. Iye tí ìwádìí Amẹ́ríkà kà jẹ́ 347, Vietnam ní 504 ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kan, Hugh Thompson, ló ń wa hẹlikọ́pítà lókè níbẹ̀, ó wolẹ̀, ó rí kòtò náà, ohun tó ń rí ò yé e. Ìgbà tó yé e, ó gbé hẹlikọ́pítà ẹ̀ balẹ̀ sáàárín àwọn sójà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ àtàwọn ará abúlé tó sá pa mọ́, ó sọ fún àwọn ọmọkùnrin méjì tó wà pẹ̀lú ẹ̀, Lawrence Colburn àti Glenn Andreotta, pé tí àwọn sójà yẹn bá yìnbọn fún àwọn ará abúlé, kí wọ́n yìnbọn fún àwọn sójà náà. Sójà Amẹ́ríkà, sí sójà Amẹ́ríkà! Ó pe hẹlikọ́pítà míì, wọ́n kó àwọn èèyàn náà kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni Andreotta wọnú kòtò, ó ń rìn láàárín òkú títí ó fi rí ọmọ kékeré kan tó ṣì ń mí, ó gbé e jáde.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe san án fún un. Thompson sọ pé àwọn èèyàn ń pe òun láti fi ikú halẹ̀ mọ́ òun, wọ́n ń gbé òkú ẹran síwájú ilé òun. Andreotta kú sógun náà kí ó tó pé oṣù kan. Ọgbọ̀n ọdún kọjá, ó di 1998, kí wọ́n tó fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àmì ẹ̀yẹ. Nínú gbogbo àwọn tó lọ́wọ́ sí ìpakúpa yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni kóòtù dá lẹ́bi, William Calley, ní 1971, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un, àmọ́ Ààrẹ Nixon dá sí i, ilé tirẹ̀ ló wà lábẹ́ ìṣọ́, nígbà tó sì fi máa di 1974 ó ti gba òmìnira. Ọ̀gá tó wà lórí ẹ̀ lọ sí kóòtù, wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 2009 Calley dìde níwájú àwọn èèyàn, ó tọrọ àforíjì, ó ní kò sí ọjọ́ kan tí òun ò kábàámọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì tún bi í léèrè, ó ní àṣẹ lòun ń tẹ̀ lé.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ Calley yìí púpọ̀. Ṣé mo gbà pé ó kábàámọ̀? Mo gbà á. Ṣé ó tó? Kò tó, kò lè tó, kò sí bí ọdún mọ́kànlélógójì àìsùn ṣe máa gbé ọmọ kan jáde nínú kòtò. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé èèyàn kan ṣoṣo ló dúró níbẹ̀ tó ń tọrọ àforíjì. Gbogbo àwọn tó wà lókè ẹ̀, látorí ọ̀gá ẹ̀ títí dórí àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń ka iye òkú bí ẹni ka èrè ọjà, tí wọ́n sọ iye òkú di ohun tí wọ́n fi ń wọn bóyá àwọn ń borí, àwọn yẹn ńkọ́?

Ìtàn Dáfídì àti Ùráyà máa ń wá sí mi lọ́kàn níbi tí mo bá dé yìí. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n látilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, àmọ́ ìyàwó tí ọba gbà ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́ fún wa. Ẹ wo lẹ́tà yẹn ná. Ọba jókòó sáàfin, ó fi gègé kọ ọ́, ó fi rán Ùráyà fúnra ẹ̀, ọkùnrin náà sì gbé ikú ara ẹ̀ lọ́wọ́ lọ fún ọ̀gágun. Jóábù ka lẹ́tà náà, ó ṣe é bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é. Nígbà tí ìròyìn dé pé Ùráyà ti kú, pẹ̀lú àwọn míì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ohun tí ọba ní kí wọ́n lọ sọ fún Jóábù ni pé kó má jẹ́ kó dùn ún, pé bí idà ṣe ń pa ti ibí ló ń pa ti ọ̀hún. Ohùn ìjọba nìyẹn, mo gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n láti ẹnu oríṣiríṣi èèyàn, lédè oríṣiríṣi. Idà ló ń pa èèyàn, kò sẹ́ni tó dì í mú. Wòlíì Nátánì ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún ọba lójúkojú pé òun ló pa Ùráyà, pé idà àwọn ará Ámónì ló kàn fi pa á. Ọba tó jìnnà sójú ogun, tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Òwe tiwa náà sọ ọ́. Ẹni tó ta ọfà sókè tó yídó borí, bí ọba ayé ò rí i, tọ̀run ń wò ó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọba ayé ló ta ọfà ọ̀hún ńkọ́, ta ló kù tó máa rí i?

Mi ò fẹ́ ṣe bí ẹni pé gbogbo olórí ló jẹ́ òkúta. Lẹ́yìn tí wọ́n ju bọ́ǹbù átọ́míìkì kejì sí Nagasaki ní Japan ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 1945, Ààrẹ Truman ti Amẹ́ríkà pàṣẹ lọ́jọ́ kejì pé wọn ò gbọdọ̀ jù míì láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i, ọ̀kan lára àwọn mínísítà ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ẹ̀ pé ó ní òun ò fẹ́ ronú àtipa ọ̀kẹ́ márùn-ún èèyàn míì, pàápàá àwọn ọmọdé yẹn. Ó dùn ún, mo gbà. Àmọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Oppenheimer tó darí àwọn tó ṣe bọ́ǹbù náà wá bá a ní ọ́fíìsì, ó ní òun ń wò ó bíi pé ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. Inú bí Truman. Ó sọ fún àwọn èèyàn ẹ̀ pé òun ò fẹ́ rí ọkùnrin yẹn mọ́ láé. Ó lè dárò nínú yàrá tirẹ̀, àmọ́ kò lè fara da kí ẹlòmíì gbé ìdárò náà wá síwájú ẹ̀.

Ashoka, ọba India, ló wá dà mí lọ́kàn rú jù. Ní nǹkan bí ọdún 260 ṣáájú ìbí Jésù, ó gbógun ti Kalinga, ó ṣẹ́gun, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbẹ́ ọ sára àpáta pé wọ́n pa ọ̀kẹ́ márùn-ún èèyàn, wọ́n kó ọ̀kẹ́ méje ààbọ̀ kúrò nílẹ̀ wọn, àwọn tó kú lẹ́yìn ìyẹn tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé òun kábàámọ̀, ó ń dun òun. Ọba tó borí! Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ní olórí kan rè é tó rí kọ́kọ́rọ́. Mo wá kà á síwájú. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà, ó kìlọ̀ fún àwọn èèyàn inú igbó pé bí òun ṣe ń kábàámọ̀ yìí, agbára àtifìyà jẹ wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ òun. Kò dá Kalinga padà fún àwọn tó ni ín. Èyí tó mú kí n pa fóònù dé ni pé wọ́n gbẹ́ àbámọ̀ yẹn sára àpáta níbi púpọ̀, àmọ́ wọn ò gbẹ́ ẹ sí Kalinga. Ní Dhauli àti Jaugada tó wà nílẹ̀ Kalinga gan-an, wọ́n fo èyí tó sọ nípa ogun náà, wọ́n fi òmíì rọ́pò ẹ̀, ó ní gbogbo èèyàn ọmọ òun ni wọ́n.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àánú ni, pé kò fẹ́ tún fọwọ́ kan ọgbẹ́ wọn. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Èmi ò lè fẹ̀sùn kan ẹni tó ti kú láti ìgbà yẹn, mo kàn mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀ mí, tó lọ ń sunkún nílé gbogbo aládùúgbò, tó wá dé ọ̀dọ̀ mi tó pè mí lọ́mọ, kò tíì bẹ̀ mí.

Ìjọba mọ̀ pé ìpànìyàn wúwo, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Nígbà tí wọ́n yìnbọn pa ọ̀daràn kan tí kóòtù dájọ́ ikú fún ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà ní 2010, márùn-ún làwọn tó yìnbọn, àmọ́ ìbọn kan nínú máràrún ò ní ọta gidi, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá tòun ni. Ẹnì kan jókòó rò ó pé kí kálukú lè máa sọ fún ara ẹ̀ lóru pé bóyá kì í ṣe èmi. Wọ́n rí i rò fún àwọn yẹn. Kí ni wọ́n rò fún sójà? Báàjì, orin, àsíá, ọ̀rọ̀ akọni.

Láyé àtijọ́ ó jọ pé wọ́n ń ṣòótọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ogun Hastings ní 1066 tí William ti Normandy fi gba ilẹ̀ England, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Normandy, àwọn bíṣọ́ọ̀bù àwọn tó borí o, ṣe òfin fún àwọn ọmọ ogun tiwọn: ẹni tó bá mọ iye tó pa, kó fi ọdún kan ronú pìwà dà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá mọ iye tó pa, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ títí tó fi máa kú. Àwọn tafàtafà tí wọn ò lè mọ ẹni tí ọfà wọn bà, ààwẹ̀ Lẹ́ńtì mẹ́ta. Mo ka èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n fara balẹ̀, wọ́n wá ní, "Àwọn yẹn gbọ́n. Ẹnì kankan ò bi èmi léèrè iye." William ní tiẹ̀, ó kọ́ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn sí ojú ogun náà. Ọba kọ́lé, àwọn ọmọ ogun gbààwẹ̀.

Mi ò sọ pé kò sí ogun tó tọ́ kéèyàn jà. Tí ẹni burúkú bá ń bọ̀ wá pa ọmọ ọlọ́mọ, ẹnì kan ní láti dá a dúró, ó sì lè jẹ́ ìbọn ló máa fi dá a dúró. Ohun tí mò ń sọ ni pé kódà nínú ogun tó tọ́ jù, kọ́kọ́rọ́ máa wà lápò ẹnì kan, ẹni tó pàṣẹ ló sì yẹ kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ wá a. Olórí tí kò bá lè jókòó ti ìyá ẹni tó rán lọ kú, àti ti ìyá ẹni tí wọ́n pa, kó gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìwo aago, mi ò rí ohun tó fún un lẹ́tọ̀ọ́ àtirán ẹnikẹ́ni. Ìbò ò fún un. Adé ò fún un.

Àti àwa náà. Mo ti ń sá fún ibí yìí látòkè.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi ohun tí wọ́n ṣe sí kọ́kọ́rọ́ náà. Wọ́n ní àwọn dá a padà sí àpò ọkùnrin yẹn, àwọn de bọ́tìnnì ẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ wọn kan ní kí wọ́n jù ú nù, pé kí lòkú fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣe, wọn ò dá a lóhùn. Wọ́n wá bi mí pé ọjọ́ tí ìjọba kéde pé wọ́n ti gba ìlú yẹn, níbo ni mo wà.

Mo lè parọ́. Mo sọ òótọ́. Mo ní mo wà níta pẹ̀lú gbogbo èèyàn, ọ̀dọ́ ni mí nígbà yẹn, à ń pariwo, à ń jó, à ń dì mọ́ ẹni tá ò mọ̀ rí, ohùn mi há, ọjọ́ méjì ni mi ò fi lè sọ̀rọ̀ dáadáa.

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. A gbọ́ yín." Wọ́n ní ọ̀gá àwọn tan rédíò, ó gbé e sórí ọkọ̀, ó yí ohùn ẹ̀ sókè pátápátá kí gbogbo àwọn lè gbọ́ bí inú yín ṣe ń dùn sí àwọn, àwọn sì ń gbọ́ ọ títí tí àwọn fi yẹ àpò èyí tó kù wò tán.